Owó Wúrà Ìyá Àgbà: Ṣé Ká Fi Ránṣẹ́ Lọ Gba Máàkì?

Wọ́n ní ká sọ̀rọ̀ lórí ìtọ́jú ogún, a sì ti múra ọ̀rọ̀ ìwé ilé àti ti báńkì sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣẹlẹ̀ ní ọ́fíìsì wa tó jẹ́ pé òun gan-an ló yẹ ká sọ, torí àwa ìgbìmọ̀ pàápàá jẹ̀bi níbẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwa ọmọ ẹgbẹ́ papòdà, ó sì ku owó yíyá díẹ̀ tí kò tíì san tán. Méjì nínú àwọn ọmọ rẹ̀ wá bá wa, wọ́n gbé agolo bisikíìtì kékeré kan dání. Owó wúrà mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n fi aṣọ wé. Ìyá àgbà wọn ló rà wọ́n ní Jeddah nígbà tó lọ sí Mẹ́kà, láyé ìgbà tí a ṣì ń ná pọ́n-ùn, kí náírà tó dé ní 1973. Ẹ̀yin ìyá wa mọ̀ ọ́n: orí ọba Gẹ̀ẹ́sì ní ojú kan, ọkùnrin orí ẹṣin tó ń bá dírágónì jà ní ojú kejì. Sovereign ni wọ́n ń pè é.

Àkọ́bí ní kí wọ́n tà á, kí wọ́n san gbèsè ìyá wọn, kí wọ́n pín ìyókù. Àbúrò rẹ̀ obìnrin fẹ́ èyí tí wọ́n jó ìkọ́ mọ́, torí òun ni ìyá wọn máa ń fi sọ́rùn lọ òde. Àbíkẹ́yìn wọn tó wà ní London pè lórí fóònù pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn wọ́n. Ó ní òun gbọ́ pé 1917 ló wà lára ọ̀kan, pé owó ńlá ni, kí a fi ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà lọ gba máàkì.

Kí ni àwa ṣe? Kí fóònù yẹn tó dé, a ti ní kí wọ́n lọ fi pẹ́sítì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ti 1917 yẹn, ká lè rí ara rẹ̀ kà. Ṣebí bí a ṣe ń fọ ṣéènì wa nìyẹn. Wọ́n fọ̀ ọ́, ó ń dán yinrin. Nígbà tí ọmọ London gbọ́, ó fariwo bọnu.

Ẹjọ́ rẹ̀ kọ́. Iléeṣẹ́ méjì tó lókìkí jù nídìí iṣẹ́ yìí wà ní Amẹ́ríkà: PCGS tó bẹ̀rẹ̀ ní 1986 àti NGC tó bẹ̀rẹ̀ ní 1987. Wọ́n á yẹ owó wò bóyá ojúlówó ni, wọ́n á fún un ní máàkì láti 1 dé 70, wọ́n á wá sé e mọ́ inú ike. Èyí tó bá gba 70 kò lábùkù kankan. Ṣùgbọ́n ojú tí owó náà ní láti ilé tí wọ́n ti ṣe é ni wọ́n ń wò, búrọ́ọ̀ṣì a sì máa ha á, bó ti wù kó rọ̀ tó. Èyí tí wọ́n bá rí i pé a ti fọ̀ lọ́nà bẹ́ẹ̀, tàbí tí alágbẹ̀dẹ wúrà ti jó ìkọ́ mọ́, kì í sábà gba máàkì. Wọ́n á kàn kọ ọ́ pé ojúlówó ni, àmọ́ pé wọ́n ti fọ̀ ọ́ tàbí pé wọ́n ti so ó mọ́ ẹ̀gbà. Owó iṣẹ́ wọn, ẹ ó san án pé. Àwọn kan tilẹ̀ rò pé iléeṣẹ́ yìí ló máa ra owó náà. Rárá o, wọ́n á dá a padà fún yín ni, kí ẹ lọ wá oníbàárà yín.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí ọlọ́jà. Láti 1817 ni ìwọ̀n sovereign kò ti yí padà: gíráàmù 7.98, wúrà kárátì 22. Wúrà gidi inú rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 7.32. Tí gíráàmù kan bá jẹ́ náírà 100,000, àpẹẹrẹ lásán ni o, wúrà inú ẹyọ kan á jẹ́ 732,000. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni rà á bí ẹ̀gbà lásán láìgbé e sórí òṣùwọ̀n. Ìbéèrè ibẹ̀ ni pé: ṣé máàkì á jẹ́ kí oníbàárà fi nǹkan lé iye wúrà yẹn, tí èlé náà á sì ju owó iṣẹ́ lọ, ju owó ìfiránṣẹ́ àlọ àti àbọ̀ lọ, ju owó ìbánigbófò lọ? Fún ọ̀pọ̀ sovereign, kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún 1911 ló wà lára èyí tó ní ìkọ́, London sì ṣe ju mílíọ̀nù 30 lọ lọ́dún yẹn. Ẹ̀kejì, ti 1928 láti Pretoria, ó ju mílíọ̀nù 18 lọ. Ta ló máa fi owó gọbọi ra ohun tó pọ̀ báyẹn nítorí ike?

Ó wá ku ti 1917. A yá awò aláago tó wà ní ìsàlẹ̀ ọjà. Ẹ gbọ́ o, ọdún nìkan kọ́ là ń wò. Lẹ́tà kékeré kan máa ń wà lórí ilẹ̀ tí ẹṣin dúró lé, lókè ọdún. S ni ti Sydney, M ti Melbourne, P ti Perth, C ti Kánádà, I ti Bombay ní 1918, SA ti Pretoria. Èyí tí kò bá ní lẹ́tà, London ni. Ti London ní 1917 ló ṣọ̀wọ́n tó sì wọ́n. Ti Ọsirélíà lọ́dún kan náà pọ̀ lọ jàra. Ọwọ́ wa ń gbọ̀n bí a ṣe ń wò ó. S ni a rí. A mí kanlẹ̀. Ká ní kò sí lẹ́tà níbẹ̀ ni, pẹ́sítì tí àwa fi ẹnu ara wa pàṣẹ rẹ̀ ì bá ti gbé owó ńlá lọ lọ́wọ́ àwọn ọmọ yẹn.

Irú ti London yẹn ni à bá fi ránṣẹ́ láìjanpata. Ohun tó bá ṣọ̀wọ́n ni wọ́n ń ṣe ayédèrú rẹ̀, àwọn ayédèrú sovereign kan tí wọ́n ṣe ní Milan àti Beirut lẹ́yìn ogun Hitler sì jẹ́ wúrà gidi. Ásíìdì alágbẹ̀dẹ kò lè tú àṣírí irú wọn. Ẹni tó bá rí SA lára owó tí ọdún rẹ̀ ṣáájú 1923, kó fura, torí ọdún yẹn ni Pretoria bẹ̀rẹ̀. Bí Lárúbáwá ló wà lára tiyín, ẹ má sọ ọ́ nù. Saudi náà ṣe tirẹ̀ ní nǹkan bí 1951, ìwọ̀n rẹ̀ àti ti sovereign dọ́gba.

Wọ́n ta ti 1928 níṣojú wa lórí òṣùwọ̀n gíráàmù. Wọ́n san gbèsè ìyá wọn, wọ́n pín ìyókù. Ọmọbìnrin gba èyí tó ní ìkọ́, wọ́n sì yọ iye wúrà rẹ̀ nínú ìpín rẹ̀. Ó ní wúrà tí a sé mọ́ ike kò ṣeé fi sọ́rùn, àwa náà kò rí èsì fún un. Ti 1917 ṣì wà nínú séèfù ẹgbẹ́. Ọmọ London á gbé e lọ nígbà tó bá wálé, á fi han àwọn tó ń ra owó àtijọ́ níbẹ̀ lójúkojú kó tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni lórí máàkì. Kò tíì bá wa rẹ́rìn-ín dáadáa, ṣùgbọ́n ó ti ń gbé fóònù wa.

A ti ra awò kékeré kan sí ọ́fíìsì báyìí. Ẹni tó bá ní irú agolo bẹ́ẹ̀ nílé, kó gbé e wá lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn àkójọ owó. Kó jọ̀ọ́, kó má fọ̀ ọ́.