Kọ́bánì: Ohun Tí A Mú Súnmọ́ Ọlọ́run



Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a mú wá síwájú yín lónìí, Kọ́bánì, tí ó wà nínú Ìhìnrere Máàkù, orí 7, ẹsẹ 11. Hébérù àti Árámáìkì ni wọ́n jọ ni ín. Máàkù fi í sílẹ̀ bí ó ti wà, ó sì túmọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀bùn fún àwọn tí kò gbọ́ èdè náà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni Bíbélì Yorùbá ṣe.

Ìsúnmọ́ ni gbòǹgbò rẹ̀. Ohun tí ènìyàn bá mú tọ Ọlọ́run wá, ìbáà ṣe màlúù, ẹyẹlé tàbí ìyẹ̀fun, Kọ́bánì ni. Àwọn ará wa tí í ṣe Mùsùlùmí ní Ìlaró àti Ayétòrò, tí ń pa àgbò nígbà Iléyá, ní ọ̀rọ̀ tí ó bá a tan nínú èdè Lárúbáwá.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Olúwa wa, ó ti di ẹ̀jẹ́. Bí ọmọ bá ti pe ohun ìní rẹ̀ ní Kọ́bánì, ó di èèwọ̀ fún bàbá àti ìyá rẹ̀, bí ohun náà kò tilẹ̀ tíì dé Tẹ́ḿpìlì. Ní àwọn ọdún 1950 ni a rí àpótí òkúta kan, tí a kó egungun òkú sí, lẹ́bàá Jerúsálẹ́mù. Ọ̀rọ̀ yìí ni a kọ sára rẹ̀ ní Árámáìkì, láti fi lé ẹni tí ó bá fẹ́ jèrè níbẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ wo bí wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ ìsúnmọ́ ṣe àgádágodo!

Kí a má ṣe dá àwọn Farisí nìkan lẹ́bi. Àwa tí ń sọ̀rọ̀ yìí san owó Ìkórè wa pérépéré ní ọdún kan, a sì gba oríyìn. Ní ọdún náà gan-an ni òjò ń rọ̀ bá ìyá wa lórí ibùsùn, nítorí páànù méjì tí a kò rà. Màmá kò bínú. Wọ́n ń sọ fún àwọn aládùúgbò pé ọmọ àwọn ń sin Ọlọ́run, èyí sì dùn wá ju èébú lọ. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí gba ẹ̀jẹ́ ọgọ́rùn-ún ọdún yìí, a kan páànù náà ná, kí a tó kọ orúkọ wa.

Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, aṣáájú nínú iṣẹ́ ìtúmọ̀ Bíbélì wa, ni a kó lẹ́rú ní 1821. Ní 1846 ó ti Badagry gba ilẹ̀ Yewa yìí kọjá lọ sí Abẹ́òkúta, níbẹ̀ ni ó sì ti rí Afala, ìyá rẹ̀, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ní 1848 a ṣe ìrìbọmi fún un, a sì sọ ọ́ ní Hánà.