Ìpinnu Òwúrọ̀ àti Ọtí Ìrọ̀lẹ́

Ní ọdún 2016, ìjọba ilẹ̀ Côte d'Ivoire fi òfin de ọtí líle tí a ń dì sínú ọ̀rá pélébé. Ọ̀rọ̀ tí a máa ń gbọ́ nígbàkúùgbà tí irú òfin bẹ́ẹ̀ bá jáde ni pé ọ̀mùtí fúnra rẹ̀ ni ó pinnu láti mu, òfin kò sì lè bá ènìyàn pinnu. Ó yẹ kí a yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò: ìgbà wo gan-an ni ọ̀mùtí ń pinnu?

Àwọn ọmọ Èjìgbò pọ̀ ní Abidjan. Láti ìran dé ìran ni wọ́n ti ń ná ọjà ibẹ̀. Kí a fi ojú inú wo ọ̀kan nínú wọn tí ó ní ìsọ̀ ní àdúgbò Treichville. Ní òwúrọ̀, orí ń fọ́ ọ, ìyàwó rẹ̀ kò bá a sọ̀rọ̀, owó ọjà sì ti dín. Ó búra pé òun kò ní fi ẹnu kan ọtí mọ́, tinútinú ni ó sì fi búra. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, ó ti ìsọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yà sí òpópó tí ó ti ń yà sí láti ọdún mẹ́wàá. Òórùn ẹja yíyan dé imú rẹ̀, orin ń dún láti inú maquis, ilé oúnjẹ àti ọtí ìta gbangba tí ó kún Abidjan. Ẹni tí ń gbé ọtí kò tilẹ̀ bi í ní ohun tí ó fẹ́. Ó ti ṣí bíà síwájú rẹ̀. Bí a bá bi ọkùnrin yìí pé ìgbà wo ni ó yí ìpinnu òwúrọ̀ padà, kò ní rí èsì fọ̀. Kò yí i padà. Àṣà ni kò bi í léèrè mọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà.

Apá ọpọlọ tí ó wà níwájú orí ni ó ń gbé ọ̀la sórí ìwọ̀n kí ọwọ́ tó ṣe nǹkan. Apá mìíràn wà ní ìsàlẹ̀ inú tí ó ń tọ́jú ohun tí ó ti mọ́ni lára, bí ìgbà tí ènìyàn ń gun kẹ̀kẹ́ láì ronú. Ọtí àmujù a máa sọ èkínní di aláìlágbára, a sì máa fún èkejì ní ipá. Ní ọdún 1994, Antoine Bechara àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà gbé ìdì káàdì mẹ́rin ka iwájú àwọn tí ọpọlọ iwájú wọn ti fara pa. Ìdì méjì ń mú èrè ńlá wá lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n àdánù rẹ̀ ní ìkẹyìn ju èrè náà lọ. Ìdì wọ̀nyí ni àwọn aláìsàn náà ń mú ṣáá. Nígbà tí a fi irú ìdánwò yìí lọ àwọn tí ọtí ti di bárakú fún, ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe bákan náà. Wọn kì í ṣe òmùgọ̀.

Nítorí náà, òwúrọ̀ ni kí ọkùnrin Treichville ti ṣe iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́: kí àbúrò rẹ̀ gba owó ọjà kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ó bá a gba ọ̀nà mìíràn re ilé, kí oúnjẹ sì ti wà nílẹ̀. Irú ọgbọ́n yìí ni òfin ọ̀rá. Ọtí inú ọ̀rá wọ àpò, owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Kò fi àyè sílẹ̀ láàárín ìfẹ́ àti ọ̀fun. Àyè yẹn ni òfin fẹ́ dá padà. Kò tó, nítorí koutoukou, ògógóró ibẹ̀, ṣì wà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2011, ìjọba wó àwọn ilé ọtí Rue Princesse, òpópó fàájì tí ó lókìkí ní àdúgbò Yopougon. Abidjan kò torí ìyẹn ṣíwọ́ ọtí.

Ewu kan wà tí ọ̀pọ̀ ìdílé kò mọ̀. Bí ẹni tí ń mu ọtí púpọ̀ lójoojúmọ́ bá dédé dá a dúró, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n kí ọjọ́ kan tó pé. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, gìrì lè mú un, ó lè máa rí ohun tí kò sí, ó sì lè kú. Àwọn ará ilé tí wọ́n tì í mọ́ yàrá lè rò pé ọ̀tá ni ó ń bá a jà. Àìsàn ara ni, oògùn rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ dókítà. Ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ wà ní Bingerville lẹ́bàá Abidjan. Ẹgbẹ́ Croix-Bleue, tí a dá sílẹ̀ ní Geneva ní ọdún 1877 láti ran ọ̀mùtí lọ́wọ́, náà ń ṣiṣẹ́ ní ìlú náà. Kí àwọn tí ó bá mú un lọ má ṣe fi ìtìjú bo iye tí ó ń mu lójúmọ́ àti wákàtí tí ó mu kẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ni dókítà yóò fi díwọ̀n oògùn.