Ìwọ̀n Ni Oògùn Kòkó

Ọ̀rọ̀ kẹ́mísírì ni mo gbé wá fún yín. Bí a bá ti dárúkọ ẹ̀kọ́ yìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa rò pé inú yàrá tí olùkọ́ to ìgò sí nìkan ni a ti lè kọ́ ọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú oko kòkó ni a óò ti kọ́ tiwa, nítorí pé ẹni tí ó bá po oògùn kòkó, kẹ́mísírì ni ó ń ṣe, ìbáà mọ̀, ìbáà má mọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní oko kòkó mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí òjò bá rọ̀ lemọ́lemọ́. Àmì dúdú kékeré kan a yọ lára èso. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àmì náà a ràn, èso a dúdú pátápátá, a sì jẹrà. Ohun ẹlẹ́mìí tín-ín-tìn-tín kan, tí ojú lásán kò lè rí, ni ó ń fa àrùn yìí. Phytophthora ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Omi òjò ni ó ń gbé e láti ara èso kan dé ara èkejì, nítorí náà bí a kò bá tètè dá a dúró, àgbẹ̀ lè fi ojú ara rẹ̀ rí i kí iṣẹ́ ọdún kan bà jẹ́ lórí igi.

Ohun tí ń pa nǹkan yìí ni bàbà, bàbà kan náà tí a fi ń ṣe okùn iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì. Ìtàn bí a ṣe mọ̀ bẹ́ẹ̀ dùn ún gbọ́. Ní ọdún 1882, ní agbègbè Bordeaux ní ilẹ̀ Faransé, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí ń jẹ́ Millardet ń kọjá lọ́nà oko àjàrà. Ó rí i pé àrùn ti wọ́ ewé àjàrà inú oko dànù, ṣùgbọ́n ewé àwọn tí ó wà létí ọ̀nà dára. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ti fi iyọ̀ bàbà àti láìmù ra àwọn tí ó wà létí ọ̀nà, kí àwọn olè tí ń jí èso ká lè rò pé májèlé ni. Ohun tí wọ́n fi dẹ́rù ba olè ni ó lé àrùn lọ. Millardet àti ẹnì kejì rẹ̀, Gayon, tí ó jẹ́ onímọ̀ kẹ́mísírì, ṣe ìwádìí rẹ̀, wọ́n sì fi í han gbogbo ayé ní ọdún 1885. Orúkọ ìlú náà ni wọ́n fi ń pe oògùn ọ̀hún títí di òní, Bordeaux. Ní àwọn ọdún 1950, oògùn kan náà ni àwọn òṣìṣẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ kọ́ àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà láti máa fín sára kòkó.

Ohun méjì péré àti omi ni a fi ń po ó. Èkíní ni iyọ̀ bàbà, èyí tí àwọn olóyìnbó ń pè ní copper sulphate, tí ó ń dán, tí àwọ̀ rẹ̀ dàbí aró. Kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀ o, májèlé ni. Èkejì ni láìmù, ìyẹ̀fun funfun tí a ń rí lára òkúta ẹfun tí a sun. Kì í ṣe èyí tí ó jẹ́ ọsàn wẹ́wẹ́.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn ni èyí: láìmù mélòó ni ó tó fún iyọ̀ bàbà? Ẹ má rò pé ìbéèrè kékeré ni. Bí láìmù bá kéré jù, bàbà tí ó kù láìrí ẹni dè é a máa jó ewé kòkó àti òdòdó rẹ̀. Oògùn tí a rà láti gba kòkó là ni yóò wá pa á lára.

Kí a tó fèsì, ẹ jẹ́ kí a lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ. Bí irin ọkọ́ mẹ́wàá bá wà nílẹ̀, tí èèkù sì jẹ́ méje, ọkọ́ mélòó ni a lè rí? Méje ni. Irin mẹ́ta yóò kù nílẹ̀ láìní èèkù. Èyí tí ó kéré ni ó pinnu iye ọkọ́. Ẹ tún wo ohun kejì. Irin wúwo ju èèkù lọ. Bí a bá wọn irin kílò mẹ́wàá, tí a wọn èèkù kílò mẹ́wàá, ìwọ̀n wọn bára dọ́gba, ṣùgbọ́n iye wọn kò dọ́gba, èèkù yóò pọ̀ ju irin lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ọ̀kan kan ara wọn ní láti kọ́kọ́ mọ bí ẹyọ irin kan àti ẹyọ èèkù kan ti wúwo tó.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kẹ́mísírì rí. Gbogbo ohun tí ó wà láyé ni a fi ẹyọ kéékèèké ṣe, tí a ń pè ní átọ̀mù. A kò lè fi ọwọ́ kà wọ́n, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ti fi wọ́n wé ara wọn, wọ́n sì mọ bí ẹyọ kọ̀ọ̀kan ti wúwo sí èkejì. Haidirójìn ni ó fúyẹ́ jù, ẹ jẹ́ kí a pè é ní 1. Èédú jẹ́ 12, ọ́síjìn jẹ́ 16, imí-ọjọ́ jẹ́ 32, kálísíọ̀mù jẹ́ 40, irin jẹ́ 56, bàbà sì jẹ́ 63.5.

Ẹyọ iyọ̀ bàbà kan ní bàbà kan, imí-ọjọ́ kan àti ọ́síjìn mẹ́rin. Ẹ ro ó pọ̀: 63.5 àti 32 àti 64, ó jẹ́ 159.5. Ṣùgbọ́n ẹyọ omi márùn-ún tún wà lára rẹ̀, omi kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 18, tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 90. Gbogbo rẹ̀ di 249.5, kí a pè é ní 250. Láìmù tí ó ti mu omi ní kálísíọ̀mù kan, ọ́síjìn méjì àti haidirójìn méjì: 40 àti 32 àti 2, ó jẹ́ 74. Ẹyọ kan ni ó ń pàdé ẹyọ kan, gẹ́gẹ́ bí irin ọkọ́ kan ti ń pàdé èèkù kan. Nítorí náà, iyọ̀ bàbà gíráàmù 250 ń fẹ́ láìmù gíráàmù 74. Bí iyọ̀ bàbà bá jẹ́ kílò kan, láìmù gíráàmù 296 ni ó kàn án. Bí a bá fi ìdajì rẹ̀ sí i, gíráàmù 148, ìdajì bàbà nìkan ni yóò rí ẹni dè é. Ìdajì kejì yóò máa jó ewé kiri.

Nígbà náà, kí ni ìdí rẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ àgbà fi ń fi láìmù kílò kan sí iyọ̀ bàbà kílò kan nínú omi lítà 100? Ó ju ìlọ́po mẹ́ta ohun tí a ṣírò lọ! Wọ́n kò ṣìṣe. Láìmù ọjà kì í mọ́ tán, àti pé ó ní ọ̀tá kan, èyí tí mo fẹ́ fi hàn yín.

Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀lé láìmù láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní Ewékorò, lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta, níbi tí wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ǹtì láti ọdún 1960, òkúta ẹfun ni wọ́n ń wà nílẹ̀. Bí a bá sun òkúta ẹfun kílò 100 nínú iná ńlá títí yóò fi jinná, láìmù gbígbẹ kílò 56 ni yóò kù. Níbo ni kílò 44 lọ? Afẹ́fẹ́ èédú ni, irú èyí tí àwa náà ń mí síta. Ìtúká ni a ń pe irú ìyípadà yìí, nítorí pé ohun kan ni ó di méjì. Bí a bá wá bu omi kílò 18 sí kílò 56 náà, yóò mumi, yóò gbóná, yóò sì hó. Láìmù tí ó ti mumi, kílò 74, ni a rí. Ìdàpọ̀ ni èyí, ohun méjì di ọ̀kan.

Ọ̀tá láìmù ni afẹ́fẹ́ èédú tí ó sá jáde lára rẹ̀ nínú iná. Bí a bá ṣí àpò láìmù sílẹ̀, ó ń padà wá díẹ̀díẹ̀. Láìmù kílò 74 a gba afẹ́fẹ́ kílò 44, a sì tu omi kílò 18 sílẹ̀, ohun tí ó kù a jẹ́ òkúta ẹfun kílò 100, bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Àpò ti wúwo sí i, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ti tán. Ìdí nìyí tí a fi ń ra láìmù tuntun, tí a ń di ẹnu àpò rẹ̀ pinpin, tí a sì ń fi èlé sí i.

Àwọn àgbẹ̀ ọdún 1950 mọ ọ̀nà mìíràn láti rí láìmù tuntun. Kábáídì ni, irú èyí tí àwọn ọdẹ fi ń tan àtùpà orí wọn. Kábáídì gíráàmù 64 àti omi gíráàmù 36 a máa fún wa ní láìmù gíráàmù 74 àti afẹ́fẹ́ gíráàmù 26. Ẹ ro ohun tí ó wọlé, ó jẹ́ 100. Ẹ ro ohun tí ó jáde, ó jẹ́ 100. Afẹ́fẹ́ náà ni ó ń jó nínú àtùpà ọdẹ. Jíjó pẹ̀lú jẹ́ irú ìyípadà kan: gíráàmù 26 yìí a gba ọ́síjìn gíráàmù 80 láti inú afẹ́fẹ́, a sì di afẹ́fẹ́ èédú gíráàmù 88 àti oruku omi gíráàmù 18. Ohun kankan kò ṣègbé. Nítorí pé ó ń jó bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe po kábáídì mọ́ omi nítòsí iná tàbí sìgá.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí a po oògùn. A ó yọ́ iyọ̀ bàbà sínú omi nínú ohun èlò kan, a ó po láìmù mọ́ omi nínú òmíràn, kí a tó da méjèèjì pọ̀. Nígbà tí wọ́n bá pàdé, wọn a pààrọ̀ ẹnì kejì, bí ẹni méjì tí ó fi ẹrù ṣe pàṣípààrọ̀ lọ́jà. Kálísíọ̀mù a mú ẹnì kejì bàbà, bàbà a mú ti kálísíọ̀mù. Ìpààrọ̀ ni èyí. Bàbà tí ó jókòó sínú omi tẹ́lẹ̀ kò lè yọ́ mọ́, ó di ohun lílẹ̀ aláwọ̀ aró tí ń lẹ̀ mọ́ ara èso. Òjò kò lè tètè fọ̀ ọ́ dànù, díẹ̀díẹ̀ ni ó sì ń tú bàbà sílẹ̀ láti pa àrùn. Ọjọ́ tí a bá po ó ni kí a fín in.

Báwo ni a ṣe máa mọ̀ pé láìmù tó, nígbà tí a kò mọ bí ti ọjà ṣe mọ́ tó? Ẹ mú ọ̀bẹ irin tí a pọ́n dán, kí ẹ rì í sínú oògùn fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí ó bá jáde ní dídán, ó dára. Bí àwọ̀ pupa bàbà bá bò ó, bàbà ṣì wà tí kò rí ẹni dè é, ẹ fi láìmù sí i. Ìyípadà tí ọ̀bẹ fi hàn yín yìí ni lílé kúrò nípò. Irin lágbára ju bàbà lọ, ó lé e kúrò, ó sì gba ibùjókòó rẹ̀. Irin gíráàmù 56 ni ó ń lọ sínú omi kí bàbà gíráàmù 63.5 tó jáde. Ìdí rèé tí a kì í fi garawa irin yọ́ iyọ̀ bàbà: garawa a jẹ, oògùn a dín. Ìkòkò amọ̀, igi tàbí ike ni ó yẹ.

Lóde òní, oògùn bàbà inú páálí ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń rà. Àwọn tí ó ṣe é ti ṣírò ti inú rẹ̀, ṣùgbọ́n omi tí a ó fi sí i ṣì wà lọ́wọ́ wa. Ẹ ka ara páálí, tàbí kí ọmọ yín kà á fún yín, kí ẹ má sì fi ojú wọn ohun tí ó yẹ kí a fi òṣùwọ̀n wọ̀n. Ẹ bo ojú àti ọwọ́ nígbà tí ẹ bá ń fín, kí ẹ sì fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun. Ẹni tí ó bá ní ìṣòro lè bi àwọn òṣìṣẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, tàbí Ilé-iṣẹ́ Ìwádìí Kòkó ní Ìdí-Ayunrẹ́, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1964.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ ti bá mi rí ìyípadà márùn-ún: ìtúká, ìdàpọ̀, jíjó, ìpààrọ̀, àti lílé kúrò nípò. Iṣẹ́ yín nìyí: bí a bá sun òkúta ẹfun kílò 250, láìmù gbígbẹ kílò mélòó ni yóò kù, kílò mélòó ni yóò sì bá afẹ́fẹ́ lọ? Ẹ ṣe é, kí ẹ sì ro méjèèjì pọ̀. Bí kò bá jẹ́ 250, ẹ padà sídìí ìṣirò, nítorí pé ohun tí ó wọlé ni ó gbọ́dọ̀ jáde.

Kí kòkó ọdún yìí so, kí ó sì gbó.