A PA SÚWÍÌṢÌ, ṢÉ INÁ TI KÚ?

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka Ìwó

A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó oṣù ni ọ̀pọ̀ yín wá gbọ́. Alága yóò dé orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí iná ẹ̀lẹ́kítíríìkì bá gbé pa kò ní í bá wa gba àfikún kankan.

Ọyẹ́ ti dé. Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Ìwó yìí, láti Odò-Orí títí dé àwọn ilé titun ẹ̀yìn ìlú, boiling ring ni a ń kì bọ báàkẹ́ẹ̀tì omi ìwẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ní ọjọ́ kan, ìyàwó ọ̀kan nínú wa pa súwíìṣì ara ògiri, ó rí i pé iná pupa kékeré ojú rẹ̀ ti kú, ó wá ki ọwọ́ bọ omi láti mọ̀ bóyá ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Iná gbé e ṣánlẹ̀. Orí ni ó kó o yọ, nítorí pé bí ó ti ń ṣubú ni ọwọ́ rẹ̀ bọ́ kúrò nínú omi.

Àwọn ará ilé ní irin náà ni ó bàjẹ́. Òtítọ́ ni, ara rẹ̀ ti là. Ṣùgbọ́n ṣebí ó ti pa súwíìṣì? A tú sọ́kẹ́ẹ̀tì náà, a sì rí ibi tí ọ̀ràn wà: ẹni tí ó wáyà ilé náà fi wáyà kan sí ojú èkejì.

Wáyà méjì ni iná ń gbà. Ọ̀kan ń gbé e wá pẹ̀lú agbára 230 volt, èkejì ń dá a padà. Súwíìṣì tí ó wọ́pọ̀ nínú ilé wa, wáyà kan ṣoṣo ni ó ń gé, agbénáwá ni ó sì yẹ kí ó gé. Bí ó bá ṣe adánápadà ni ó gé, gílóòbù yóò kú, fáànù yóò dúró, omi kò ní í hó mọ́, a ó sì rò pé iná ti lọ. Kò lọ. Ó wà nínú irin náà àti nínú omi. Báàkẹ́ẹ̀tì ike kò jẹ́ kí ó rí ọ̀nà lọ sí ilẹ̀, títí ẹni tí ó dúró láìwọ bàtà lórí sìmẹ́ńtì tútù yóò fi ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Àwọ̀ wáyà wà lára ohun tí ń ṣi oníṣẹ́ iná lọ́nà. Láyé NEPA, tí ó wà láti 1972 sí 2005, pupa ni agbénáwá, dúdú ni adánápadà. Àwọ̀ titun tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà fún wáyà inú ilé ní 2004 sọ agbénáwá di búráùn, adánápadà di búlúù. Dúdú fúnra rẹ̀ sì lè jẹ́ agbénáwá níbi tí three phase bá wà. Ilé tí a ti so wáyà titun mọ́ ti àtijọ́, ẹ ṣọ́ra fún un.

Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná tí ó mọṣẹ́ fi tẹ́sítà wo sọ́kẹ́ẹ̀tì yín, kí ẹ sì dúró tì í. Bí ẹ bá kọjú sí i, tí ihò ńlá wà lókè, ihò ọwọ́ ọ̀tún ni ó yẹ kí tẹ́sítà tàn sí nígbà tí a bá tan súwíìṣì. Nígbà tí a bá pa á, kò gbọdọ̀ tàn níbì kankan. Bí ó bá tàn ní ọwọ́ òsì, kí ó tú u, kí ó tún un dè níṣojú yín. Ayálégbé yóò ní iṣẹ́ lanlọ́ọ̀dù ni. Ẹ sọ fún lanlọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n ẹ má dúró dè é.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi bírò ti ihò òkè kí púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ méjì lè wọlé ńkọ́? (Ẹ ń rẹ́rìn-ín, a mọ ara wa.) Ihò yẹn ni ti wáyà ilẹ̀. Òun ni ìbá gbé iná tí ó jò lọ, kí fíúùsì sì já. Boiling ring oní-3,000 watt ń fa 13 amp gbáko, súwíìṣì gílóòbù kò lè gbé e. Súwíìṣì tí ó bá ń gbóná, tàbí tí ó ń rùn bí ike tí ń jó, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ní ti omi, ìbáà jẹ́ pé wáyà yín tọ́: ẹ pa súwíìṣì, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ gbé irin jáde, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Méjì nínú wa tí í ṣe oníṣẹ́ iná wà níbí. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí a wá yẹ ilé òun wò ní ọjọ́ Sátidé, kí ó fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé. A kò ní í gba kọ́bọ̀, àyàfi owó sọ́kẹ́ẹ̀tì bí a bá ní láti pààrọ̀ rẹ̀.