Àgbádárìgì tàbí Ayétòrò: Níbo ni Kí Á ti Lo Ọlidé Létí Òkun?

Ìbéèrè tí olóòtú ètò gbé ka iwájú mi kò ṣòro láti lóye. Bí olùkọ́ tàbí akẹ́kọ̀ọ́ tí ń gbé ní Ararọ̀mí-Obu bá fẹ́ lo ọlidé létí òkun, ṣé Àgbádárìgì ni kí ó lọ ni, àbí Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ? Àárín oko kòkó àti ọ̀pẹ ni a ń gbé, a sì máa ń rò pé òkun jìnnà sí wa. Kò jìnnà. Ìpínlẹ̀ Oǹdó kan náà ni àwa àti àwọn ará Ìlàjẹ. Kódà, Ararọ̀mí mìíràn wà níbẹ̀ létí òkun. Kí ẹni tí ó bá ń bọ̀ wá kí wa ṣọ́ra, kí ó má baà wọ ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ bá ẹja.

Àgbádárìgì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò kọ́kọ́ dárúkọ, n kò sì bá wọn jà. Láti Òrè, ẹ ó gba Ṣágámù wọ Èkó, ẹ ó sì la súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ Èkó kọjá. Bí ẹ bá débẹ̀, ohun tí ẹ ó rí pọ̀. Abẹ́ igi Agia ni wọ́n ti wàásù ìyìn rere ní 1842. Igi náà wó ní 1959, ohun ìrántí ni ó dúró síbẹ̀ báyìí. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn míṣọ́nnárì CMS kọ́ ní nǹkan bí 1845 ṣì wà. Ṣùgbọ́n ilé tí ó yẹ kí olùkọ́ pẹ́ nínú rẹ̀ jù lọ ni ilé Sẹ̀ríkí Williams Abass, ilé oníyàrá 40 tí wọ́n ń kó ẹrú sí. Ọmọ Ìjọga ni ọkùnrin yìí. Wọ́n kó òun fúnra rẹ̀ lẹ́rú ní kékeré, ó padà wá di ẹni tí ń ta ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jiyàn lórí ìyẹn tẹ́rùn.

Ẹ rántí pé etí ọ̀sà ni ìlú náà wà. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí òkun gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá sí Gbẹ̀rẹ̀fú, kí ó sì fẹsẹ̀ rin iyanrìn láàrin igi àgbọn, ní ọ̀nà tí àwọn ẹrú gbà lọ. Iyanrìn náà funfun, atẹ́gùn rẹ̀ dára.

Ayétòrò kò ní iyanrìn báyìí. Ilẹ̀ ẹrẹ̀ ni. Ọ̀nà rẹ̀ kò gùn: Òrè sí Òkìtìpupa, Òkìtìpupa sí Ìgbókọ̀dá, lẹ́yìn náà ó di ọkọ̀ ojú omi. Àwọn onígbàgbọ́ tí wọ́n ń ṣe inúnibíni sí ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó ní 1947, àwọn tí a ń pè ní Àpọ́sítélì Mímọ́. Wọ́n gbé ilé pákó lé orí òpó, wọ́n fi afárá pákó ṣe títì. Ẹnikẹ́ni kì í gba owó iṣẹ́ sápò ara rẹ̀. Àpò kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ní. Wọ́n ń kan ọkọ̀, wọ́n ń hun aṣọ, wọ́n ń ṣe bàtà, wọ́n sì ń tan iná mànàmáná ara wọn ní àwọn ọdún 1950, nígbà tí àtùpà ni ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ń lò. Àwọn onímọ̀ wá láti òkè òkun láti wo bí ó ti ṣeé ṣe. Ní ìparí àwọn ọdún 1960 ni ètò àpò kan náà túká.

Òkun ti ń jẹ ìlú yìí. Ó ti gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé lọ, ó gbé ilé-ìwòsàn, ó sì wọ itẹ́ òkú. Iṣẹ́ ìdènà tí àjọ NDDC gbé síta ní 2004 kò dá a dúró.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé Ayétòrò ni kí á kọ́kọ́ lọ. Àgbádárìgì lè dúró de ọdún mìíràn. N kò mọ̀ bí èkejì yóò lè dúró. Ẹnìkan lè bi mí pé: ṣé ibi tí ilé ẹlòmíràn ti ń rì ni a ó ti lọ jayé? Ìbéèrè gidi ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ jókòó sórí iyanrìn mu omi àgbọn, tàbí tí ó ní ọmọ wẹ́wẹ́, kí ó máa lọ sí Àgbádárìgì tààrà, kò ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá lọ sí Ayétòrò kí àwọn àgbà, tí ó gbọ́ ìtàn lẹ́nu wọn, tí ó san owó ọkọ̀, tí ó sì ra ẹja wọn, kò fi wọ́n ṣe ìran wò. Bí òpìtàn kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu àwọn tí ó ṣẹ́kù, ta ni yóò sọ ọ́ fún un?

Ọ̀rọ̀ àkókò ló kù. Láàrin ọdún, nígbà ọlidé gígùn, ni ìgbì òkun máa ń ru sókè jù, nítorí náà ẹ fi Ayétòrò sí ọlidé Kérésìmesì, nígbà ọyẹ́. Kí olúkúlùkù wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì kí ọkọ̀ tó kúrò ní Ìgbókọ̀dá. Bí ọlọ́kọ̀ kò bá ní in, ẹ wá ọlọ́kọ̀ mìíràn. Ẹ tètè lọ ní òwúrọ̀, kí ilẹ̀ má baà ṣú mọ́ yín lórí omi, kí ẹ sì tún rí ààyè ra ẹja ní ọjà Ìgbókọ̀dá bí ẹ bá ń bọ̀.