Nọ́ńbà Ara Àpò àti Ohun tí Ẹja Ń Jẹ

Nítorí ẹ̀yin ọlọ́sìn ẹja ni mo ṣe mú ọ̀rọ̀ yìí.

Bí ọlọ́sìn ẹja bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta oúnjẹ ẹja, nọ́ńbà kan ni ojú rẹ̀ ń wá lára àpò: purotéènì ìdá 40 nínú 100, tàbí 42, tàbí 45. Bí nọ́ńbà náà ṣe ń ga ni owó ń ga. Ohun tí mo wá sọ kò ju ẹyọ kan lọ: ẹja kì í jẹ nọ́ńbà yẹn.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tó ti wá. Lọ́dún 1883, Johan Kjeldahl, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí àwọn apọnbíà Carlsberg ní Copenhagen, rí ọ̀nà tí a lè fi wọn náítírójìn inú ọkà. Ọ̀nà rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò ṣì ń tọ̀: wọ́n á wọn náítírójìn, wọ́n á sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà 6.25, wọ́n á pe èsì rẹ̀ ní purotéènì. Ṣùgbọ́n náítírójìn wà nínú yúríà tí a ń fọ́n sóko. Ó wà nínú melamine tí wọ́n fi ń ṣe àwo. Lọ́dún 2008, melamine ni àwọn ìkà èèyàn pò mọ́ wàrà tí wọ́n ti bu omi là ní Ṣáínà kó lè yege níbi àyẹ̀wò. Nǹkan bí 300,000 ọmọdé ló ṣàìsàn, àwọn kan sì kú. Ọdún kan ṣáájú ìyẹn ni wọ́n ti bá a nínú oúnjẹ ẹja ní Àríwá Amẹ́ríkà. Ó ń dùn mí gan-an pé nọ́ńbà tó rọrùn láti tàn jẹ báyìí la fi ń ná owó wa.

Kí wá ni ẹja ń jẹ? Ẹ fi purotéènì wé ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín. Amino acid ni ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan, oríṣi ogún sì ni. Ẹja lè fúnra rẹ̀ ṣe mẹ́wàá nínú wọn. Ẹnu ni mẹ́wàá yòókù gbọ́dọ̀ gbà wọlé. John Halver àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló fi èyí hàn lára ẹja salmon ní 1957, ní ìpínlẹ̀ Washington. Dípò purotéènì, amino acid lẹ́yọ lẹ́yọ ni wọ́n pò fún ọmọ ẹja, wọ́n sì ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá yọ ọ̀kan nínú mẹ́wàá yìí, ọmọ ẹja kò ní dàgbà mọ́. Bí wọ́n bá dá a padà, yóò tún máa dàgbà.

Asínlẹ̀kẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ gba pupa kan sí búlúù márùn-ún, bí pupa bá tán lọ́wọ́ rẹ̀, igbá búlúù tó kù kò ṣe é lóore. Ẹja kò tilẹ̀ ní igbá tí yóò kó tirẹ̀ sí. Ara rẹ̀ á sun ìyókù bí igi ìdáná, náítírójìn inú rẹ̀ á di amóníà, á sì gba ibi tí ẹja fi ń mí bọ́ sínú omi. Omi adágún tó ń rùn yẹn, apá kan owó oúnjẹ yín ló wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Nínú 100 gíráàmù purotéènì, ẹja àrọ̀ ti Amẹ́ríkà ń fẹ́ lysine, ọ̀kan nínú mẹ́wàá yẹn, bíi gíráàmù 5. Ti kúlíkúlí kò ju bíi 3 àti ààbọ̀ lọ. Bí kílò oúnjẹ kan bá ní 400 gíráàmù purotéènì, tí gbogbo rẹ̀ sì ti inú kúlíkúlí wá, lysine 14 gíráàmù ló wà níbi tí 20 yẹ kó wà. Bíi 280 nínú 400 yẹn ni ẹja lè fi kọ́ ara. Ìyókù di iná àti amóníà. Gíráàmù mẹ́fà péré ló ń ṣe wá bẹ́ẹ̀! Lysine hydrochloride, lysine lẹ́yọ tí èròjà mìíràn so mọ́, bíi gíráàmù mẹ́jọ yóò dí àlàfo náà, ìyẹn bí methionine kò bá tún dínà.

Methionine ni amino acid kejì tó máa ń tètè tán. Bí ó bá wọ́n lára ẹja trout, ẹyinjú rẹ̀ á di funfun, ojú á sì fọ́. Sóyà ní lysine dáadáa, methionine ni kò tó nínú rẹ̀. Yànmọ̀tí ní methionine, lysine ló wọ́n níbẹ̀. Àwọn ìyá wa tó ń se àdàlú mọ ìdí iṣẹ́ yìí: ohun tí ẹ̀wà kò ní, àgbàdo ní in; ohun tí àgbàdo kò ní, ẹ̀wà ní in. Ní Àkúrẹ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Fágbénró àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti wádìí iye lysine tí ẹja àrọ̀ tiwa gan-an ń fẹ́, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1998.

Ẹja lílọ̀ láti Peru ló ń bò wá láṣìírí tẹ́lẹ̀, nítorí amino acid mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pé sínú rẹ̀. Lọ́dún 1970, wọ́n kó ju mílíọ̀nù 12 tọ́ọ̀nù anchoveta lọ níbẹ̀, ìyẹn ẹja tí wọ́n ń lọ̀ náà. Nígbà tí omi òkun móoru lọ́nà tí à ń pè ní El Niño ní 1972, òkun gbẹ́sẹ̀ lé e. Lọ́dún 2023, ìjọba Peru tún fagi lé odindi ìgbà ìpẹja kan. Ní Senegal àti Gambia, ẹja ṣáwá tí à bá fi se ọbẹ̀ ni wọ́n ń lọ̀ sínú àpò. N kò lè fara mọ́ ìyẹn láéláé, nígbà tí kòkòrò àìfojúrí tó ń mu omi ṣúgà lè ṣe lysine fún wa nínú àgbá.

Ẹ fura níbi méjì. Èkíní ni pé amino acid tí a rà lẹ́yọ máa ń yọ́ sínú omi, nítorí náà ẹ fi sítáàṣì ẹ̀gẹ́ gbígbóná dè é mọ́ oúnjẹ. Ó sì ń yára dénú ẹ̀jẹ̀ ju èyí tó ṣì wà lórí okùn lọ. Ara kì í dúró de ìyókù, yóò sun ún. Ẹ pín oúnjẹ ọjọ́ kan sí ọ̀nà mélòó kan.

Èkejì ni iná. A gbọ́dọ̀ yan sóyà, torí tútù rẹ̀ ń dènà dídà oúnjẹ nínú. Ṣùgbọ́n bó bá jóná, lysine rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ṣúgà, ikùn ẹja kò sì ní lè tú u. Ẹ kó méjèèjì lọ sílé àyẹ̀wò, èyí tó pọ́n dáadáa àti èyí tó jóná: iye purotéènì kan náà, tàbí èyí tó sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí, ni wọn yóò kọ fún yín.