Sìgá àti Jẹjẹrẹ Ẹ̀dọ̀fóró: Ohun Tí Àwọn Aláìsàn Lọ́ńdọ̀nù Kọ́ Wa



Láàárín ọdún 1948 sí 1949, òṣìṣẹ́ mẹ́rin ń lọ láti ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì kan dé òmíràn ní ogún ilé ìwòsàn ní Lọ́ńdọ̀nù, ìwé ìbéèrè lọ́wọ́ wọn. Bí wọ́n ti ń bi ẹni tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ń bá jà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bi ẹni tí àìsàn mìíràn gbé dè. Ṣé ẹ ti mu sìgá rí? Ẹ tó ọmọ ọdún mélòó nígbà tí ẹ kọ́kọ́ mu ún? Ẹyọ mélòó lóòjọ́? Ṣé ẹ ti jáwọ́? Àwọn olùwádìí méjì, Richard Doll àti Austin Bradford Hill, ló rán wọn níṣẹ́. Doll, tí òun náà ń mu sìgá nígbà yẹn, rò pé ọ̀dà títì tàbí èéfín mọ́tò ló ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró.

Nínú ọkùnrin 649 tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, méjì péré ni kò mu sìgá rí. Nínú ọkùnrin 649 tí àìsàn tiwọn yàtọ̀, àwọn tí kò mu ún rí jẹ́ 27. Ẹ rántí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọkùnrin tí kì í mu sìgá ní Lọ́ńdọ̀nù ìgbà náà. Ìdí nìyẹn tí iye ẹyọ tí kálukú ń mu fi ṣe pàtàkì. Bí ẹyọ ti ń pọ̀ sí i ni ewu ń pọ̀ sí i. Iṣẹ́ náà kò tíì parí tí Doll fi sìgá tirẹ̀ sílẹ̀. Èmi ka ìyẹn sí ẹ̀rí tó lágbára ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ.

Kí ló wá dé tí àwọn ènìyàn ṣì ń jiyàn? Ẹni tó mu sìgá lónìí kò ní wúkọ́ ẹ̀jẹ̀ lọ́la. Ó lè tó ogún ọdún, ó lè tó ọgbọ̀n, kí àrùn tó yọjú. Báwo ni sìgá ṣe ń fà á? Inú èéfín sìgá ni ohun kan tí wọ́n ń pè ní benzopyrene wà. Ní ọdún 1996, àwọn onímọ̀ fi hàn pé ó máa ń lẹ̀ mọ́ apá kan lára ohun tó ń kó sẹ́ẹ̀lì ara wa níjàánu, ibi kan náà gan-an tí wọ́n ti máa ń rí ìbàjẹ́ nínú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Nígbà tí ìjánu bá já, sẹ́ẹ̀lì á máa bí sí i láìdáwọ́ dúró.

Ẹlòmíràn á ní, “Bàbá wa mu sìgá títí wọ́n fi lé ní ọgọ́rin ọdún.” Òótọ́ ni. Gbogbo ẹni tó ń sáré gba márosẹ̀ kọjá kọ́ ni mọ́tò ń gbá. Síbẹ̀, ta ló ń rán ọmọ rẹ̀ lọ síbẹ̀?

Kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù nìkan lọ̀rọ̀ yìí kàn: láti ọdún 1937 ni wọ́n ti ń ṣe sìgá ní Ìbàdàn. Òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 2015 kà á léèwọ̀ láti ta sìgá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tàbí láti tà á fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. Ṣùgbọ́n ẹ yà sí gáréèjì: páálí sìgá tí wọ́n ti já wà lórí tábìlì, láítà tí wọ́n fi okùn so ń fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹyọ kan ni ọmọdé fi ń bẹ̀rẹ̀.

Doll àti Hill tún kọ lẹ́tà sí àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1951, ìwádìí náà sì tẹ̀ lé ọkùnrin tó lé ní 34,000 nínú wọn fún àádọ́ta ọdún. Ẹ̀mí àwọn tó ń mu sìgá fi nǹkan bí ọdún mẹ́wàá kúrú. Ẹni tó jáwọ́ ní ọmọ 60 ọdún gba nǹkan bí ọdún mẹ́ta padà, ẹni 50 gba mẹ́fà, ẹni 40 gba mẹ́sàn-án, ẹni 30 sì gba gbogbo rẹ̀ tán pátá.

Ẹ̀yin tí sìgá ṣì wà lápò yín, mo bẹ̀ yín, ẹ jáwọ́ lónìí. Bí ikọ́ bá sì ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ má fi mọ sórí àgbo, ẹ lọ ya fọ́tò àyà.